Ta ni yóò ṣọ́ ọmọ nígbà tí ìyá bá wà lẹ́nu iṣẹ́?



Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà jókòó sọ. Nígbà tí ìyá bá ń ṣiṣẹ́, ta ni ó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀? Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá parí apá kan, ẹ dúró, kí ẹ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ẹ jọ ń kẹ́kọ̀ọ́.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí

Ní abúlé kan ní agbègbè Kétu, mo ń kọ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ní ìwé kíkà. Obìnrin 24 ni wọ́n. Gàrí ni wọ́n ń ṣe. Ọjọ́ 3 ni wọ́n ń pàdé lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Wọn a bó ẹ̀gẹ́, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Wọn a dì í sínú àpò, wọn a gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro. Lẹ́yìn náà, wọn a jọ̀ ọ́, wọn a sì yan án nínú agbada ńlá lórí iná igi. Bí iṣẹ́ bá parí ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń ṣe kíláàsì wa lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níbẹ̀.

Nínú àwọn obìnrin 24 yìí, 9 ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4. Ọmọ wọn jẹ́ 11 lápapọ̀. Àwọn kan wà lẹ́yìn ìyá wọn. Àwọn kan ń rákò nínú èèpo ẹ̀gẹ́. Àwọn tó ti ń rìn ń sáré láàárín iná àti ọ̀bẹ. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló ń ṣọ́ wọn, àwọn náà sì kéré.

Lọ́jọ́ kan, mo dé kí iṣẹ́ tó parí. Mo ń nu pátákó ìkọ̀wé nígbà tí mo gbọ́ igbe. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Ó fẹ́ dìde dúró, ó sì di etí agbada gbígbóná mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Ẹnì kan sáré mú epo pupa wá. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi omi ẹ̀gẹ́ sí i. Ìyá ọmọ náà ń ké, kò mọ ohun tí yóò ṣe.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ yí padà, ó gbá a létí. Ó ní: "Kí ni mo ní kí o máa ṣe níbí?" Ọmọ náà kò fèsì.

Ọmọ ọdún 9 ni ọmọbìnrin yẹn. Ó yẹ kí ó wà ní ilé-ìwé ní wákàtí yẹn, nínú kíláàsì CE1. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá ń yan gàrí, kì í lọ. Nínú ọjọ́ 5 tí ilé-ìwé fi ń ṣí, ọjọ́ 2 péré ló ń lọ. Olùkọ́ rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí ilé pé kò ní lè bọ́ sí kíláàsì tó kàn.

Wọ́n gbé ọmọkùnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn lórí alùpùpù zémìjàn. Ọwọ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ìka 2 kò nà dáadáa mọ́ títí di òní.

Ta ni ó jẹ̀bi? Èmi kò rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi. Ìyá ń wá oúnjẹ. Ọmọ ọdún 9 kò lè ní ojú àgbà. Ohun tó fa ọ̀ràn náà ni pé kò sí ibi tí ìyá lè gbé ọmọ sí kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

2. Bí iná tàbí omi gbígbóná bá jó ọmọ

Ẹ kọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí sórí:

– Gbé ọmọ kúrò nídìí iná. Bọ́ aṣọ tó wà níbi tó jó. Bí aṣọ bá ti lẹ̀ mọ́ ara, má ṣe fà á.
– Da omi tútù tó mọ́ sí ojú ibi tó jó fún ìṣẹ́jú 20. Fi aṣọ bo ibi yòókù lára ọmọ kí òtútù má mú un.
– Má ṣe fi epo pupa, ẹyin, iyọ̀, ẹrẹ̀, ọṣẹ ìfọyín tàbí omi ẹ̀gẹ́ sí i. Wọn kì í wo egbò náà sàn. Wọ́n ń kó ìdọ̀tí sínú rẹ̀.
– Má ṣe bẹ́ ìléròrò.
– Fi aṣọ funfun tó mọ́ bò ó, má dì í pinpin. Gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá jẹ́ ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí abẹ́ ló jó, má ṣe dúró rárá.

3. Ewu tó wà níbi iṣẹ́ gàrí

Iná nìkan kọ́ ni ewu. Ẹ jẹ́ ká wo ibi iṣẹ́ wa bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ̀gẹ́ tútù, pàápàá èyí tó korò, ní májèlé nínú. Omi tó ń ro lára àpò ní i pẹ̀lú. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, tí a fún omi rẹ̀, tí a sì yan án dáadáa, májèlé náà ń lọ. Ìdí nìyẹn tí gàrí kì í fi í pa wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń rákò kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ ẹ̀gẹ́ tútù. Ó lè mu nínú omi tó ro sílẹ̀. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí orí ń kọ́ ọ, tí ó ń mí gúlegúle, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Èéfín igi ń ba àyà ọmọ jẹ́. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nídìí agbada ń fa èéfín kan náà tí ìyá rẹ̀ ń fà, ṣùgbọ́n àyà tirẹ̀ kéré. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ lè gbá aṣọ àti ìka mú. Ọmọ kékeré sì lè kú sínú abọ́ omi tí kò jìn ju ìdajì apá lọ.

4. Ohun tí àwọn obìnrin náà sọ

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, alága ẹgbẹ́ ní kí a má ka ìwé lọ́jọ́ náà. Ó ní kí a jókòó ká sọ̀rọ̀. Àbá rẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ ṣe ibi ìṣọ́mọ nítòsí ibi iṣẹ́. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní crèche. Ó ní kí olúkúlùkù sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láìbẹ̀rù. Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀.

Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní: "Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọn ọmọ 7. Mo bó ẹ̀gẹ́, mo gbin àgbàdo, mo ru igi. Ta ló bá mi ṣọ́ wọn? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn ìrọ̀rùn jù."

Ìyàwó kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò tíì bímọ. Ó kúnlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní: "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi. Ó ti pé ọdún 5 tí mo ti ń wá ọmọ. Bí ẹ bá ní kí n máa dá owó fún ọmọ yín, ẹ̀ ń fọwọ́ kan ojú egbò mi."

Ìyá kan tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ní: "Ẹ̀rù ń bà mí. A kò mọ inú ènìyàn. Ta ni yóò fún ọmọ mi lóńjẹ? Ọwọ́ wo ni yóò fi fún un?"

Òmíràn ní: "Ọkọ mi yóò sọ pé mo gbé ọmọ jù sílẹ̀ nítorí owó."

Òmíràn ní: "Ọmọ tèmi kì í jókòó. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Wọn yóò máa nà án ni."

Ẹni tó kẹ́yìn ni ìyá ọmọ tí iná jó. Ó ní: "N kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Owó tí ẹ̀ ń bẹ̀rù láti dá, mo ti ná ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ilé ìwòsàn. Àti pé láti ọjọ́ tí mo ti gbá ọmọbìnrin mi, kì í wo ojú mi mọ́."

Gbogbo ènìyàn dákẹ́.

Ẹ kíyè sí i: kò sí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí tó sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó jìyà tí ẹnikẹ́ni kò ràn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìyàwó kékeré jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọmọ. Bí a bá fẹ́ ṣe ibi ìṣọ́mọ, a gbọ́dọ̀ dá olúkúlùkù lóhùn. Bí a kò bá dá wọn lóhùn, a lè kọ́ ilé tó dára, kí ọmọ kankan má wá síbẹ̀.

5. Àwọn mìíràn ti rìn ní ọ̀nà yìí

Mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan.

Ní orílẹ̀-èdè India, ní ìlú New Delhi, àwọn obìnrin tó ń ru bíríkì níbi ìkọ́lé máa ń tẹ́ ọmọ wọn sínú erùpẹ̀. Ní ọdún 1969, obìnrin kan tó ń jẹ́ Meera Mahadevan rí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ ibi ìṣọ́mọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ náà. Bí iṣẹ́ bá parí tí àwọn òṣìṣẹ́ kó lọ sí ibòmíràn, ibi ìṣọ́mọ náà yóò bá wọn lọ. Orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Mobile Crèches, èyí ni ibi ìṣọ́mọ tó ń ṣí kiri.

Ní ìlú Accra ní Ghana, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà bá ìjọba ìlú sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ilé àtijọ́ kan ṣe nítòsí ọjà, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi tí ọmọ àwọn ọlọ́jà lè máa gbé.

Ní Burkina Faso, tí kò jìnnà sí wa, wọ́n ṣe ibi ìṣọ́mọ fún àwọn obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ ìlú, irú bíi gbígbá títì. Báńkì Àgbáyé bá wọn wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 2022. Kì í ṣe gbogbo ìyá ló gbà. Nínú ìyá 4 tí wọ́n fi lọ̀, nǹkan bí 1 ló gbé ọmọ rẹ̀ wá. Síbẹ̀, iṣẹ́ àwọn obìnrin náà pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ owó wọn dára sí i, àwọn ọmọ náà sì já fáfá sí i. Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? A kò lè fi agbára mú ìyá. Ẹni tó bá ti gbẹ́kẹ̀ lé wa ni yóò kọ́kọ́ wá. Àwọn yòókù yóò máa wò.

Ní orílẹ̀-èdè Benin tiwa ńkọ́? Òfin iṣẹ́ ti ọdún 1998 fún obìnrin tó ń gba owó oṣù ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14 fún ìbímọ: ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó bí, ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn tó bí. Bí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní ẹ̀tọ́ láti fi wákàtí 1 lójúmọ́ fún ọmọ lọ́mú, fún oṣù 15. Èyí dára. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé ẹni tó ń yan gàrí kò ní ọ̀gá tí yóò fún un ní wákàtí kan. Ohun tí òfin fún akọ̀wé, àwa fúnra wa ni yóò fún ara wa.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ní ọdún 2006, ìjọba Benin mú owó ilé-ìwé kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba àti ti àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní maternelle. Ṣùgbọ́n maternelle kì í gba ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, owó nìkan kọ́ ló ń dá ọmọbìnrin dúró sílé. Àbúrò rẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń dá a dúró pẹ̀lú.

6. Ẹ jẹ́ ká ṣírò

A mú pátákó, a bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Olùṣọ́mọ 2 ni a ó nílò fún ọmọ 11. Bí a bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1 000 fráǹkì lójúmọ́, owó náà jẹ́:

2 × 1 000 = 2 000 fráǹkì lójúmọ́ iṣẹ́.

Ta ni yóò san án? Bí àwọn ìyá nìkan bá san án, ó wúwo fún wọn. Bí gbogbo ènìyàn bá san iye kan náà, àwọn tí kò ní ọmọ kékeré yóò ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ.

Akápò ẹgbẹ́ ló rí ọ̀nà. Ó ní: "Ẹ wo agbada. Bí ìyá kan bá fi agbada sílẹ̀ ní ìgbà 5 láti lọ wo ọmọ rẹ̀, gàrí ń jóná, àwa 24 la sì pàdánù. Nítorí náà, kí gbogbo wa dá díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ní ọmọ níbẹ̀ dá díẹ̀ kún un." A ṣírò rẹ̀ báyìí:

Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́: 24 × 50 = 1 200 fráǹkì
Lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan: 11 × 100 = 1 100 fráǹkì
Àpapọ̀: 1 200 + 1 100 = 2 300 fráǹkì
Owó olùṣọ́mọ: 2 000 fráǹkì
Èyí tó ṣẹ́kù: 300 fráǹkì

300 fráǹkì náà wà fún ọṣẹ, omi àti ògì àwọn ọmọ. Lọ́sẹ̀, ó jẹ́ 3 × 300 = 900 fráǹkì.

Ìyàwó kékeré náà wo pátákó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní: "50 yẹn ni mo lè san, nítorí agbada. Bí Ọlọ́run bá wá fún mi ní tèmi, ẹ má gbàgbé pé mo san án." Alága dá a lóhùn pé: "A kò ní gbàgbé, ọmọ mi. A ti kọ ọ́ sínú ìwé." Ní tòótọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé owó. Ó ti mọ̀ ọ́n kọ.

Nígbà tí a béèrè ẹni tí yóò ṣọ́ àwọn ọmọ, ìyá àgbà tó kọ́kọ́ bínú ló na ọwọ́ sókè. Ó ní: "Èéfín ti ba ojú mi jẹ́, orúnkún ń dùn mí nídìí agbada. Mo ṣọ́ ọmọ 7 láìgba kọ́bọ̀. Ẹ fún mi lówó kí n ṣọ́ 11." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọkọ pẹ̀lú gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Alága lọ bá wọn ní ilé wọn, òun àti ìyá ọmọ tí iná jó. Ó fi ọwọ́ ọmọ náà hàn wọ́n. Lọ́jọ́ Àìkú, ọkùnrin 6 wá gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ri òpó, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà, wọ́n sì ṣe ọgbà yí i ká.

7. Àwọn òfin ibi ìṣọ́mọ

A kọ òfin wọ̀nyí, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó. Ẹgbẹ́ yòówù tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lè lò ó.

– Ibi ìṣọ́mọ yóò jìnnà sí iná àti èéfín, ṣùgbọ́n kò ní jìnnà jù. Ìyá gbọ́dọ̀ lè gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀.
– Ọgbà yóò yí i ká. Kànga, ẹ̀rọ, ọ̀bẹ àti omi ẹ̀gẹ́ kò ní sí nínú rẹ̀.
– Olùṣọ́mọ 2 yóò wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ọ̀kan bá fẹ́ jáde, èkejì yóò dúró. Ọmọdé kò lè jẹ́ olùṣọ́mọ.
– Bí ọmọ ọwọ́ tí kò tíì rìn bá pọ̀, a ó fi olùṣọ́mọ kan kún un.
– Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú ìyá nìkan ni yóò máa mu, kò gbọdọ̀ mu omi tàbí àgbo. Ìyá yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá fún un lọ́mú. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kùn sí i. Ìyá yóò kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti àyà, nítorí omi ẹ̀gẹ́.
– Fún ọmọ tó ti ń jẹun, ìyá ló ń sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ lè jẹ. Bí ó bá fẹ́ gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá, ó lè gbé e wá.
– Olùṣọ́mọ yóò fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó fún ọmọ lóńjẹ, àti lẹ́yìn tó bá nu ìdí ọmọ.
– Ọmọ tí ibà, ìgbẹ́ gbuuru tàbí èéyi bá ń ṣe kò ní wá. Ilé ìwòsàn ni yóò lọ. Ìyá rẹ̀ kò ní san ìtanràn nítorí pé kò wá síṣẹ́.
– A ó wo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ kọ̀ọ̀kan.
– Ìyá lè wọlé nígbàkigbà láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
– Kò sí nínà. Kò sí dídè mọ́lẹ̀. A kò ní fún ọmọ ní oògùn oorun láé.

Òfin tó sọ pé ìyá lè wọlé nígbàkigbà ló tu ọ̀pọ̀ ọkàn lára. Ìyá tó ń bẹ̀rù oúnjẹ wá wò ní ìgbà 8 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń wá ní ìgbà 2.

8. Ọmọ tí kì í jókòó

A kò gbàgbé ìyá tó sọ pé ọmọ òun kì í jókòó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ọ̀pọ̀ ilé.

Ọmọ ọdún 2 tàbí 3 kò lè jókòó pẹ́. Bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Ẹ fún wọn ní àyè láti sáré, ẹ fún wọn ní igbá àti iyanrìn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dàgbà tó ọmọ ilé-ìwé, wọn kò lè fọkàn sí nǹkan kan, wọn kò lè dúró lójú kan, bóyá nílé, bóyá ní kíláàsì. Wọ́n ń gbàgbé ohun tí a rán wọn. Àwọn dókítà tó ń sọ Faransé ń pe èyí ní TDAH. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní ọdún 1902, dókítà kan ní London, George Still, ti ṣàlàyé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá kó ọmọ 100 jọ, nǹkan bí 5 lè ní i. Ọ̀nà tí ọpọlọ wọn ń gbà ṣiṣẹ́ ló fà á. Ó sábà máa ń wà nínú ẹbí. Kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́, kì í sì í ṣe àìkọ́ ọmọ dáadáa. Ẹgba kì í wò ó sàn.

Àwọn kan ń dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà tó ní i, wọ́n sì ń yege. Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lè ran ọmọ tiwa lọ́wọ́ pẹ̀lú: kí a pín iṣẹ́ sí kéékèèké, kí a rán an ní ohun kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó jókòó níbi tí ariwo kò sí, kí a yìn ín bí ó bá ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ pé ọmọ ní i, kí a kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ tí etí rẹ̀ dí, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tàbí tí kò sùn tó, òun náà kì í lè fọkàn sí ẹ̀kọ́.

9. Ibi tí a bá a dé

Ibi ìṣọ́mọ náà kì í ṣe ààfin. Àtíbàbà ni, pẹ̀lú ẹní 4, ìkòkò omi tó ní ìdérí, àti ọṣẹ. Ìyá 5 nínú 9 ló kọ́kọ́ gbé ọmọ wá. Nígbà tó yá, wọ́n di 8. Ẹnì kan ṣì ń pọn ọmọ tirẹ̀. A kò bá a jà.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ọmọbìnrin ọdún 9 yẹn padà sí CE1, ó ń tún kíláàsì náà ṣe. Ó ń lọ ní gbogbo ọjọ́ báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nínú kíláàsì wa. Ìyá rẹ̀ ń ka ìlà kan lórí pátákó, ó sì há sí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ náà na ọwọ́, ó fi ìka tọ́ka sí i, ó rọra pè é sí i létí. Ìyá rẹ̀ tún un pè. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

Àwọn àgbà wa sọ pé ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Nígbà kan rí, igba ojú yẹn wà nínú agbo ilé. Lónìí, ìyá ọkọ lè wà ní Cotonou, àbúrò lè wà ní Èkó, ìyàwó ilé yòókù sì lè wà lọ́jà. Bí igba ojú kò bá sí nílé mọ́, ẹ jẹ́ ká kó wọn jọ níbi iṣẹ́. Kí ó má jẹ́ ojú ọmọ ọdún 9 nìkan.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Níbi iṣẹ́ yín, ta ni ó ń ṣọ́ àwọn ọmọ kékeré? Ọmọ ọdún mélòó ni?
2. Ẹ rìn yí ibi iṣẹ́ yín ká. Ẹ ka ewu tó lè pa ọmọ lára. Mélòó ni ẹ rí?
3. Ṣé ó tọ́ kí ẹni tí kò ní ọmọ kékeré dá owó? Kí olúkúlùkù sọ ìdí rẹ̀.
4. Bí iná bá jó ọmọ, kí ni a ó kọ́kọ́ ṣe? Ìṣẹ́jú mélòó?
5. Ìṣirò: Ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 30, ọmọ kékeré wọn jẹ́ 8. Olúkúlùkù dá 50 fráǹkì, wọ́n sì san 100 fráǹkì lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èló ni wọ́n ní? Bí wọ́n bá san 2 000 fráǹkì fún àwọn olùṣọ́mọ, èló ló ṣẹ́kù?
6. Kọ ìlà 3 sínú ìwé rẹ: ohun tí o fẹ́ kí olùṣọ́mọ mọ̀ nípa ọmọ rẹ.